Kọ̀ǹpútà Tó Ti Mẹ́kà Dé

Gbogbo àwọn onítẹ̀wé tó wà ní ìlà wa ní Ṣómólú ló ń pe kọ̀ǹpútà mi ní Alhájì. Yẹ̀yẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe yẹ̀yẹ́ nìkan. Ẹ̀rọ náà ti Mẹ́kà dé lóòótọ́, nígbà tí èmi tí mo ń lò ó kò tíì rin ìrìn kankan tó kọjá Ìlọrin. Tí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kejì á yọrí lójú fèrèsé.

"Ààfáà, o ti dé? Alhájì ńkọ́? Ṣé wọ́n jí ire?"

"Wọ́n jí ire."

"Bá mi kí wọn o. Ní mo ní kí wọ́n rántí mi nínú àdúà."

Ọmọ apẹja ni ọ̀rẹ́ mi yìí. Etí òkun Oǹdó ni àwọn bàbá rẹ̀ ti wá tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sì ń lọ. Síbẹ̀, tó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mi, kò sí lèmọ́mù tó mọ òfin àlùwàlá jù ú lọ. Tí oníbàárà bá na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù, á kígbe láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ dúró ná! Àlùwàlá yín dà? Àlùkùránì ń bẹ nínú Alhájì o!" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn ní tòótọ́.

Alhájà, ìyàwó olùkọ́ mi, ló gbé ẹ̀rọ náà wá láti Mẹ́kà. Olùkọ́ mi ni ààfáà tó kọ́ mi ní kéú nínú ilé kékeré kan ní Fọlá Àgòrò, níbi tí àwa ọmọ kéú ti máa ń jókòó sórí ẹní, wàláà lórí itan, tí a ń ka ohun tó wà lára pátákó náà sókè títí a ó fi lè kà á láìwò ó. Nígbà tí apá bàbá mi kò ká owó ilé ìwé mọ́, olùkọ́ yìí ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà mí. Lẹ́yìn Ọlọ́run Ọba tó dá mi, òun ni. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúà mi ṣáájú bàbá tó bí mi, bàbá mi náà sì mọ̀, kò bínú sí i.

Ẹni tó bá mọ bí ẹrù àwọn tó ń ti Mẹ́kà bọ̀ ṣe máa ń rí láyé ìgbà yẹn ni yóò mọ ohun tí Alhájà ṣe. Wúrà ni àwọn obìnrin ń rù bọ̀, àti léèsì, àti ẹní ìkírun, àti kẹ́tù. Ohun tí wọ́n bá tà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dí ihò tí ìrìn-àjò náà dá sí wọn lápò. Alhájà kò ru ìkankan nínú rẹ̀. Ó rí kọ̀ǹpútà kan tó ń kọ èdè Lárúbáwá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Jẹ́dà, ó rántí pé ọkọ òun máa ń sọ pé tí ọmọ kéú òun tó ń tẹ ìwé ní Ṣómólú bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ó lè fi jẹun títí ayé. Ó fi gbogbo àyè ẹrù rẹ̀ gbé e.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wá kí i káàbọ̀ yí ẹrù náà ká, wọ́n ń wá ibi tí wúrà wà.

"Alhájà, kí lèyí nínú páálí? Tẹlifíṣọ̀n?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ kí ni?"

"Ẹ̀rọ tó ń kọ kéú."

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ààfáà tẹ́ ẹ fẹ́ sílé, ṣé kì í kọ kéú mọ́ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alhájà náà rẹ́rìn-ín, ó wá nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ, dìde, wá gbé ẹrù rẹ." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di oníṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, olùkọ́ mi wá sí Ṣómólú. Ó ṣe àlùwàlá, ó fi fìlà rẹ̀ sórí dáadáa, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ náà. Ó ní kí n má ràn án lọ́wọ́. Ìka kan ṣoṣo ló fi tẹ Bísímílà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, tó bá sì rí i, á wò ó dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣe tán, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án o. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi nìyẹn."

Ìwé tó ń sọ náà ni ìwé àdúà tó ń kọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù, èdè Lárúbáwá lókè, Yorùbá nísàlẹ̀ rẹ̀: àdúà ẹni tó lóyún, àdúà ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, àdúà ìyá tí kò rí oorun sùn. Ó ti fi ọwọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sórí tákàdá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, ọwọ́ mi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dilẹ̀. Ìwé ìkómọ ń bẹ, ìwé ìgbéyàwó ń bẹ, àwọn wọ̀nyẹn sì ń san owó lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ mi kò fi ìgbà kan béèrè pé ibo ni mo bá a dé. Ó kú kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán.

Alhájà ti kó lọ sí Ọbáníkòró nígbà náà, sí ilé tí ọmọ rẹ̀ gbà fún un. Nígbà tí fídáù ọdún kan olùkọ́ mi ń bọ̀, ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ìwé Ààfáà yẹn, mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin lọ́jọ́ fídáù. Mi ò fẹ́ ohun méjì. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ì báà má dán, mi ò bá ẹ jà. Ojú ewé tí ọkọ mi fi ìka rẹ̀ tẹ̀, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí kàn. Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà, Ìyá. Ó wà nínú ẹ̀rọ."

"Àlùhámdùlílà."

Mo jáde níbẹ̀ tí orí mi wú. Mo rò pé Ọlọ́run ti fún mi ní àyè láti san oore tí mi ò rí ọ̀nà san nígbà tí olóore wà láyé.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, àdúgbò wa sì yí padà. Ṣáájú, ìwé ìkésíni àti ìwé rìsíìtì ni a ń tẹ̀ jù. Nígbà tí àwọn olóṣèlú dé, pósítà ni. Wọ́n ń fẹ́ orí ara wọn lórí bébà, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ lánàá òde yìí. Gbogbo onítẹ̀wé tó ní ẹ̀rọ kan wá ra ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ń gé bébà dé, àwọn tó ń tẹ àwọ̀ mẹ́rin dé. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa a máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láti òwúrọ̀. Iná náà rọ. Lọ́sàn-án, gílóòbù á pọ́n bí ẹyín iná tó ń kú lọ, sítébiláísà mi tó ń gbé iná ró á máa dún ká, ká, ká bí eyín ẹni tí òtútù ń mú. Kò sí ẹni tó bìkítà. Owó ń wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, èmi náà gba iṣẹ́ pósítà.

Láàárín ìyẹn ni Alhájì bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Mo máa tẹ̀ ẹ́ kó tàn, iná aláwọ̀ ewé kékeré tó wà níwájú rẹ̀ á tàn, fáànù inú rẹ̀ á yí díẹ̀, á sì dákẹ́. Ojú rẹ̀ á dúdú. Níbẹ̀rẹ̀, tí mo bá wá lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó máa ń tàn. Ìgbà tó yá, àwọn onítẹ̀wé ń fi ẹ̀rọ wọn ṣiṣẹ́ mọ́jú, Alhájì kò sì tàn láàárọ̀ mọ́. Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ka Fátíhà sí i lára. Ọ̀rẹ́ mi wá dúró lẹ́yìn mi, ó mi orí.

"Wọ́n ti dàgbà, Ààfáà. Ìrìn Mẹ́kà yẹn ló rẹ̀ wọ́n."

Mo lọ pe ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Abúlé Òkúta. Ó wá, ó tú u palẹ̀, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ síta, ó fi ohun kan kan ibí, ó fi kan ibẹ̀. Ó pààrọ̀ àpótí irin tí iná ń gbà wọlé, kò tàn. Ó wá jókòó sórí àpótí, ó fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ bí dókítà.

"Máńbọ́ọ̀dù ló ń kú lọ, pátákó ńlá inú rẹ̀. Mo lè wá òmíràn, ṣùgbọ́n irú èyí, àwọn Lárúbáwá ló ṣe é fún ara wọn. Ẹ máa fún mi láyè."

"Àyè tó báwo?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, Ààfáà. Ẹ kàn fún mi láyè."

Fídáù kò ní àyè kankan láti fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi sì ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi létí láti ọjọ́ pípẹ́: gbogbo ìlà wa ti bọ́ sórí ẹ̀rọ tuntun, díìsìkì tí mo bá gbé wá láti ara Alhájì, ẹ̀rọ tirẹ̀ kì í lè ṣí i, iṣẹ́ pósítà tó yẹ kó kàn mí ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. "Ra ẹ̀rọ tuntun, kí o tún ìwé Ààfáà tẹ̀ sí i. Ó ń kọ Lárúbáwá náà. Kí lo tún ń wá?"

Mo mọ ohun tí mò ń wá, n kò sì lè sọ ọ́ fún un. Ojú ewé kan ń bẹ nínú ẹ̀rọ tó ti kú. Bísímílà ni. Ọmọ kéú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá tún un tẹ̀, lójú bébà, kò sí ẹ̀dá alààyè tó máa mọ̀ pé kì í ṣe ìka olùkọ́ mi. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn.

Mo ra ẹ̀rọ tuntun. Mo fi àdúà rà á, mo sì fi owó pósítà rà á. Ó tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí mo tẹ̀ ẹ́, bí iná ṣe rọ tó, ó kọrin kékeré kan sí mi létí, mo sì kórìíra orin yẹn. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní lẹ́tà Lárúbáwá lára. Ti Alhájì ní, ṣùgbọ́n ẹnu okùn rẹ̀ tóbi ju ihò ẹ̀rọ tuntun lọ, kò wọ̀ ọ́. Mo wá gbé kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ sókè, mo gbé tuntun sísàlẹ̀. Ojú mi wà lára ti òkè, ìka mi wà lára ti ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tún gbogbo ìwé náà tẹ̀ láti ara tákàdá olùkọ́ mi. Ó rí lára mi bí ìgbà tí mò ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí mo lé kúrò nílé.

Alhájì fúnra rẹ̀, mo gbé e sí igun. N kò lè máa rí ojú dúdú rẹ̀ níwájú mi, mo bá fi aṣọ funfun kan tó kù nílé bò ó. N kò ro ohunkóhun sí àwọ̀ aṣọ náà.

Bí a ṣe ń sún mọ́ ọjọ́ fídáù, Alhájà ń ránṣẹ́. "Ìyá ní ẹ̀rọ yín ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ ń lọ. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá kírun tán, tí mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì, tí mo sì fẹ́ dárúkọ olùkọ́ mi bí mo ṣe máa ń ṣe, ahọ́n mi á wúwo. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí oore tó ṣe fún mi láti ọwọ́ àwọn ènìyàn kan, ẹ̀bùn àwọn ènìyàn náà sì wà ní igun ṣọ́ọ̀bù mi lábẹ́ aṣọ. Ọ̀rọ̀ aláìmoore wà nínú Àlùkùránì, mo mọ ibi tó wà, mo sì ti kà á sókè fún àwọn ẹlòmíràn rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a gbé bébà àkọ́kọ́ jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tẹ orí ba á, nígbà tí a gbọ́ sálámà lẹ́nu ọ̀nà. Alhájà ló wọlé, ó ń mí gùlegùle, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Kò jókòó. Ó wo ẹ̀rọ tuntun lórí tábìlì, ó wo igun, ó tún wo mí.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá."

"Tí kò bá sẹ́ni tó kú, kí lẹ fi aṣọ funfun bò lójú?"

Ọ̀rẹ́ mi, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, wo ilẹ̀. Mo lọ ká aṣọ náà kúrò. Mo ṣàlàyé: àìsàn ẹ̀rọ, ọkùnrin Abúlé Òkúta, àyè tí kò sí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń dún bí ẹjọ́ lẹ́nu mi. Alhájà mú bébà àkọ́kọ́ lórí tábìlì, ó gbé e jìnnà sí ojú rẹ̀ bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Bísímílà ló wà lójú ewé náà, ó gún régé, ó dúdú, ó lẹ́wà.

"Èyí, ṣé Ààfáà ló tẹ̀ ẹ́?"

Mo rí i pé ó fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ti ń rọ̀ kó tó gbọ́ èsì.

"Rárá, Ìyá. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Tiwọn wà nínú ẹ̀rọ tó kú yẹn."

Ọ̀rẹ́ mi ò lè pa á mọ́ra. "Alhájà, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kò sí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni." Kò gbé ojú kúrò lára bébà. "Ìyá tìrẹ ń bẹ láyé?"

"Wọ́n ti lọ, Ìyá."

"Tí ìyàwó rẹ bá se ọbẹ̀ ẹja bí ìyá rẹ ṣe máa ń sè é, iyọ̀ ò lé, ata ò dín. Ṣé ìyá rẹ ló sè é?"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Hẹn, ó tán." Ó sì jókòó.

Alhájà dá bébà náà padà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó má baà ká. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ti ń retí. Àdúà ni, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá kà á." Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "O ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá ti wá jókòó tì í díẹ̀."

Fídáù dára. Mo dúpẹ́. Ìwé kárí gbogbo àwọn obìnrin, láti Fọlá Àgòrò títí dé Bàrígà. Wọ́n ṣí i, wọ́n rí Bísímílà, ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹnu kò ó. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé ọwọ́ Ààfáà fúnra wọn ló tẹ ojú ewé yìí, pé Alhájà ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo wo ọ̀dọ̀ Alhájà. Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò gbé orí sókè. Lèmọ́mù pe orúkọ mi, ó ní kí gbogbo ìjọ bá mi ṣe àmín, nítorí ọmọ kéú tó mọ oore ni mí. Wọ́n ṣe àmín tó dún. N kò rí ibi tí mo lè fi ojú mi sí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Alhájà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Gbé e wá fún mi."

"Kí ni, Ìyá?"

"Alhájì. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ dà á sórí ààtàn. Mo máa gbé e sí pálọ̀. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo mú bọ̀ láti Mẹ́kà, mo máa rí ohun kan nawọ́ sí."

Ọ̀rẹ́ mi fi mọ́tò rẹ̀ bá mi gbé e lọ sí Ọbáníkòró ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àdúgbò yẹn dákẹ́ lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé Ṣómólú kò sí nítòsí. A gbé e sórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Alhájà ti ya aṣọ tí yóò tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní òdòdó létí. Mo fẹ́ ká okùn rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní rárá.

"Ki okùn rẹ̀ bọ iná."

"Ìyá, kò ní tàn."

"Mi ò ní kó tàn. Ki okùn rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kó dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́."

Mo ki okùn rẹ̀ bọ iná. Nítorí kó má baà dà bíi pé mò ń bínú, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Fáànù yí, kò sì dúró. Ó ń yí lọ. Ohun kan pariwo nínú ikùn rẹ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun, ojú rẹ̀ funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ohun tó máa ń kọ nígbà tó bá ń jí.

Alhájà ló kọ́kọ́ ké. "Alhájì! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú àbọ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Ọ̀rẹ́ mi wo gílóòbù tó wà lókè àjà. Ó funfun báláú. Ó wò ó títí, ó wá kọjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ààfáà, iná ni. Iná wa ni kò gbé e. Pósítà la fi fún Alhájì lọ́rùn."

Mo rántí gbogbo àárọ̀ tí ó fi tàn lẹ́yìn àsùbáà, kí ẹ̀rọ àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo rántí sítébiláísà tó ń dún létí mi lójoojúmọ́. Ǹjẹ́ mo tiẹ̀ gbé e dé ilé ara mi dán an wò? N kò gbé e débìkan. Mo pe ẹnì kan, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ kíákíá, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí mo fẹ́ ṣe mu.

"Ibi tí Ààfáà kọ dà?" Alhájà ti fa àga.

Mo wá a. Ó wà níbẹ̀. Mo ṣí i, Bísímílà olùkọ́ mi sì yọ lójú ẹ̀rọ, mo rí ohun tí mo ti gbàgbé pátápátá. Láàárín ọ̀rọ̀ méjì, àlàfo gbọọrọ kan wà, tó lè gba ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo wá rántí. Nígbà tó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbé ìka rẹ̀ lé bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀, ó mí kanlẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń bá a lọ. Mo fẹ́ tún un ṣe fún un, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Alhájà tẹ̀ síwájú, ó fi ìka rẹ̀ sórí gíláàsì, síbi àlàfo náà gan-an.

"Kí ló wà níbí?"

"Ibi tí wọ́n ti sinmi ni, Ìyá. Wọ́n ń mí."

Kò gbé ìka rẹ̀ kúrò. Ó pẹ́ tó fi wà níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní bí ìgbà tí mo wà ní ọmọ kéú, mò ń ronú nípa àwọn ìwé tó ti wà nínú àpò àwọn obìnrin káàkiri, tí Bísímílà inú wọn gún régé, tí kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti mí.

Mo ní mo máa gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa wá ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ iná. Alhájà wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Síbo? Kẹ́ ẹ tún lọ pa á? Fi sílẹ̀. Máa wá tàn án fún mi lọ́jọ́ Jímọ̀."

Mo ń lọ. Tí mo bá kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń gba Ọbáníkòró lọ, mo máa tàn án, Alhájà á jókòó tì í díẹ̀, mo máa pa á, á ṣàdúà fún mi, mo máa padà sídìí ẹ̀rọ tuntun tí mo fi ń jẹun. Àmín tí mo ń ṣe sí àdúà rẹ̀ kì í ti inú mi jáde tán.

Nígbà tí ìwé náà tán lọ́wọ́ àwọn obìnrin, tí wọ́n ní kí a tún tẹ̀ ẹ́, orí ẹ̀rọ tuntun náà ni mo ti ṣe é. Ṣáájú ìyẹn, mo mú rúlà lọ sí Ọbáníkòró, mo fi wọn àlàfo náà lójú Alhájì, Alhájà ń bá mi di rúlà náà mú. Mo gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀rẹ́ mi, ó lọ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi yọrí lójú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún íńkì.

"Ààfáà, ibì kan ṣí sílẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́ o. Ó gbòòrò. Ṣé kí n fà wọ́n mọ́ra?"

"Fi sílẹ̀," mo wí fún un. "Ibẹ̀ ló yẹ kó wà."